Egbò Àtọ̀gbẹ Kò Mọ Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwò ṣe ń lọ ní ọjà Gowon Estate, kó má wo ojú àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹsẹ̀ wọn ni kó wò. Láti ìdájí tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ nínú kórópe títí di alẹ́ tí oníkálukú ń pa ìsọ̀ dé, orí ẹsẹ̀ méjèèjì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Sílípáàsì rọ́bà ni púpọ̀ wọn wọ̀, ti ẹlòmíràn ti já lójú okùn, wáyà ló fi so ó. Ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí ti wẹ́dà á rí i pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọọṣẹ́ mìíràn fi ń tẹ irin àti ọ́ìlì. Kò sẹ́ni tó ka ẹsẹ̀ sí, àfi ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ tí kò rìn mọ́.

Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni, èyí tí ará ọjà ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó kó ìwádìí oríṣìíríṣìí jọ ní 2018 sọ pé nínú àgbàlagbà 100 ní Nàìjíríà, ó tó nǹkan bí 6 tí àìsàn náà wà lára wọn. Kí ẹnikẹ́ni ka orí ọgọ́rùn-ún láti ìlà aláṣọ dé ìlà aláta, kó yọ mẹ́fà sọ́tọ̀, á rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olówó Ìkòyí nìkan. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní in ni kò tíì mọ̀ pé ó wà lára àwọn.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, ti ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹlòmíràn á ní ṣe ló dà bí ìgbà tí òun ń rìn lórí òwú, ẹlòmíràn á ní èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Nígbà tó bá yá, ẹsẹ̀ ò ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà á máa họ onítọ̀hún láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìyànà Ìpájà, kò ní mọ̀, àfìgbà tó bá délé tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà. Àwọn òpójẹ̀ tó yẹ kó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ tún ojú egbò náà ṣe, àwọn náà á ti fún. Bẹ́ẹ̀ ni egbò tó yẹ kó jinná lọ́sẹ̀ kan ṣe ń di egbò oṣù mẹ́ta.

“Kò kúkú dùn mí.” Gbólóhùn yìí ti gé ẹsẹ̀ ènìyàn ju ayùn lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, bí egbò ò bá dùn ún, ó lè dúpẹ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò tí kò dùn ún yẹn gan-an ló yẹ kó lé e jáde nílé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa ń ṣe? Wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹsẹ̀ tí kò mọ gbígbóná lára, awọ á sì bó. Wọ́n á já kápúsù, wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Wọ́n á fi bíléèdì gé ibi tó le lábẹ́ ẹsẹ̀. Alágbo á ta tirẹ̀, kẹ́míìsì á ta tirẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀tẹ́ ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ á sì gbowó tirẹ̀ náà. Nígbà tí òórùn bá wá ń jáde tí ìka ẹsẹ̀ ti dúdú bí èédú, ìgbà yẹn ni ẹbí tó ń wá mọ́tò tó máa gbé e lọ sí Ìgàndó.

Láàárín 2016 sí 2017, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà tẹ̀lé àwọn aláìsàn 336 tí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ gbé wá sọ́dọ̀ wọn. Nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ni egbò wọn ti wọnú jinlẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nínú 336 yẹn, 119 ni wọ́n gé níbi ẹsẹ̀, àwọn mìíràn ní ìka, àwọn mìíràn ní itan. Bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò padà sílé láàyè. Àwọn tó sùn sí ọsibítù kò sì sùn fún ọjọ́ díẹ̀: ìdajì wọn lò ju oṣù kan àti ààbọ̀ lọ. Kí òǹkàwé fi oṣù kan àti ààbọ̀ yìí sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń sọ pé àìmọ̀kan ló ń pa ará ọjà. Ó kù síbì kan. Ká ní ìyá kan ń ta ẹja gbígbẹ, tó sì rí egbò lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti Gowon Estate dé ọsibítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìgàndó, á wọkọ̀ gba Ẹ̀gbẹ́dá, á gba Ìdímù dé Ìkọ̀tún, kó tó tún wọ òmíràn. Á sanwó káàdì, á sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, á sanwó fọ́tò egungun. Oògùn tó ń pa kòkòrò egbò á tún wà níbẹ̀, gbogbo ayé ló sì mọ ibi tí owó Augmentin fò lọ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ GSK kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Wọ́n á ní kó máa wá wẹ egbò lọ́jọ́ méjì méjì. Ọjọ́ tó bá lọ, ìsọ̀ kò ní ṣí. Ìyá á jókòó, á ṣírò rẹ̀, á fi àádọ́ta kún un, á fi ọgọ́rùn-ún kún un, á wá ra gọ́ọ̀sì àti sipíríìtì lọ́wọ́ kẹ́míìsì ìtòsí. Ìṣirò yẹn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan o. Ìṣirò ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀ ni, tí ọmọ sì ń retí owó ilé ìwé.

Ibi tí adójútòfò ìlera ti wọ̀ ọ́ nìyí, èyí tí àwọn kan ń pè ní inṣọ́ránsì. Ọdún 1999 ni ìjọba ológun ṣe òfin NHIS, ṣùgbọ́n ó di oṣù kẹfà 2005 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Gowon Estate gan-an, ìjọba àpapọ̀ yìí kan náà ló kọ́ ọ. Ó wá ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan àti ìyá ẹlẹ́ja máa gbé àdúgbò kan náà, kí àtọ̀gbẹ kan náà mú àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan na káàdì sí nọ́ọ̀sì, kí èkejì tú ìdí ìró. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá ní Nàìjíríà tó ní adójútòfò kankan.

Òfin ti yí padà báyìí. Ní oṣù karùn-ún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin NHIA tó gba ipò NHIS, òfin náà sì sọ pé ó di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ìjọba Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2015, wọ́n dá àjọ LASHMA sílẹ̀, ètò Ìlera Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2018. Nígbà yẹn, 8,500 náírà ni fún ẹnì kan lọ́dún, 40,000 sì ni fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Owó náà kò dúró síbẹ̀ mọ́, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ san béèrè tòní. Ní oṣù keje 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu tún fọwọ́ sí àṣẹ pé kí gbogbo olùgbé Èkó ní adójútòfò. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àìsàn tí Ìlera Èkó ń tọ́jú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí oògùn ṣúgà rẹ̀ lò déédéé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ nínú ewu díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tọ́jú ṣúgà yàtọ̀ sí kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀. Nínú ìwé ètò tí NHIS fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n kọ pé adójútòfò máa fi sanwó ibùsùn lọ́dún. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, aláìsàn tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló máa gbé e. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa sanwó ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, bó bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò ro ibi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà àti iṣẹ́ abẹ kékeré ló ní lọ́kàn. Àmọ́ kí òǹkàwé gbé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù kan àti ààbọ̀ ti ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Egbò àtọ̀gbẹ ò ní wo kàlẹ́ńdà kó ní ó tó gẹ́ẹ́ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ronú kan ẹsẹ̀ tí wọ́n máa fi dípò eyí tí wọ́n gé, wọn ò ronú tó nípa bí a ò ṣe ní gé e.

Àwa nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ghana ṣe òfin adójútòfò tirẹ̀ ní 2003, owó orí ọjà tí gbogbo ènìyàn ń rà, 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n fi ń gbé e ró, ìyẹn ló jẹ́ kí ọlọ́jà ibẹ̀ tètè wọlé ju tiwa lọ. Wọ́n ń tọ́jú àtọ̀gbẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n yọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti bàtà ìtọ́jú kúrò nínú ohun tí wọ́n á sanwó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, láti ọmọ ọdún méjìlá sókè, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò sì ní san kọ́bọ̀. Ìyá tó bá ní ọmọ ní Peckham, kó bi í. Ní Amẹ́ríkà, ètò Medicare tó wà fún àwọn àgbàlagbà ti ń sanwó bàtà láti 1993: bàtà ẹsẹ̀ méjì kan lọ́dún àti tìmùtìmù ìsàlẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ewu. Ìjọba tó ń ka owó rẹ̀ kí ó tó ná an ni, kì í ṣe aláàánú lásán. Wọ́n wò ó pé bàtà kò tó owó yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ohun tó yẹ kó wọ inú adójútòfò tiwa kò pọ̀ tó bí àwọn kan ṣe ń fẹjú mọ́ ọn. Kí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìtòsí sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bọ́ bàtà yín kí n wò ó,” ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá wá gba oògùn ṣúgà. Okùn ọ̀rá tín-ínrín kan wà tí wọ́n fi ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì mọ nǹkan lára. Kò wọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kí wíwẹ egbò wà nítòsí ilé, kí ó máa lọ títí egbò á fi jinná, kì í ṣe títí ọjọ́ á fi pé. Kí oògùn apakòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ dókítà àgbà yá bí egbò bá ń wú tàbí tó ń dúdú, kí ìwé àṣẹ má jókòó sórí tábìlì ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni bàtà. Níbí, àwọn aránbàtà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bàtà tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nílò kì í ṣe iṣẹ́ òyìnbó: kó fẹ̀ níwájú, kó jìn kí ìka má fara gbolẹ̀, kó rọ̀ nísàlẹ̀, kí ojú rírán má sí nínú tó lè máa họ awọ. Ẹni tó ń rán bàtà ní Múṣin tàbí ní Ìkọ̀tún lè kọ́ ọ bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọsibítù eegun Ìgbóbì bá fi hàn án. Bí adójútòfò bá ń san owó rẹ̀, iṣẹ́ dé fún oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, ẹsẹ̀ oníbàárà sì wà lára.

Àwọn ọlọ́jà ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ náà ò sì burú. Àkọ́kọ́ ni pé, “Owó tí mo bá san tí mi ò ṣàìsàn ńkọ́? Ta ló máa dá a padà?” Àjọ ló wà lọ́kàn wọn. Àjọ tí ènìyàn dá, ó mọ ọjọ́ tó máa kó o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo owó ọlọ́dẹ. Gbogbo ìsọ̀ ló ń dá owó ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru. Bí olè ò bá wá ní gbogbo ọdún, ta ló ti lọ bá ọlọ́dẹ pé kó dá owó òun padà? Ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ ni adójútòfò jókòó sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alájọ. Bí wọ́n ṣe ń san án náà ló sì yẹ kó rí: gbogbo ìsọ̀ ní láti san. Bó bá jẹ́ kìkì ẹni tí olè ti jà rí ló ń san, owó ò ní tó ra tọ́ọ̀ṣì. Ọjà tó bá ní ẹgbẹ́ tó dúró dáadáa, tí ìyálọ́jà wọn sì ṣeé fọkàn tán, lè máa gbà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àjọ, kí wọ́n sì forúkọ gbogbo ara wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń le, tí a bá pín in fún ọjọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju owó omi inú ọ̀rá lọ.

Ẹjọ́ kejì wúwo ju ìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá na káàdì, wọ́n á ní oògùn ti tán, ẹni tó bá na owó ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn. Ohun tí púpọ̀ ò mọ̀ ni bí owó ṣe ń dé ọwọ́ ilé ìwòsàn. Lábẹ́ NHIS, ilé ìwòsàn tí ènìyàn yàn nítòsí kì í gbowó ní iye ìgbà tí aláìsàn bá wá. Iye kan pàtó ni wọ́n ń san fún un lóṣù lórí orí kọ̀ọ̀kan, aláìsàn ìbáà wá, ìbáà má wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 750 náírà ni. Owó àwọn tí kò wá ló yẹ kó gbé ti ẹni tó wá, bẹ́ẹ̀ ni ètò náà ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́jà fi ojú ọjà wò ó: oníbàárà tó san 750 lóṣù, tó wá ń gba gọ́ọ̀sì, oògùn àti àkókò nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ méjì méjì, ta ni inú rẹ̀ máa dùn nígbà tó bá tún rí i lẹ́nu géètì? Ìdí nìyí tó fi yẹ kí owó wíwẹ egbò àtọ̀gbẹ yàtọ̀ sí owó oṣooṣù yẹn, kí wọ́n san án fún ilé ìwòsàn ní iye ìgbà tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ “ìtọ́jú ẹsẹ̀” sínú ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, nọ́ọ̀sì á ṣì máa sọ pé gọ́ọ̀sì ti tán.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní tún wà níbẹ̀. Òfin Èkó sọ pé kí ìjọba máa ya ó kéré tán náírà kan sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un, láti fi san ti àwọn aláìní. Opó tó ń ta ọsàn lórí igbá, ti tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn aṣòfin tí Alímọ̀ṣọ́ dìbò fún ní Aláùsá, iṣẹ́ wọn ni láti béèrè lọ́dọọdún pé owó yẹn dà, àti pé ẹsẹ̀ mélòó ló gbà là.

Kí adójútòfò tó gbòòrò, ẹni tó bá mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà wà lára òun kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Kó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́, kí ọmọ bá a wò ó bí ojú bá ti ṣú. Kó gbọn bàtà kó tó kì í bọ̀. Kó má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú yàrá. Kó nu àárín ìka gbẹ. Kó gbàgbé omi gbígbóná àti bíléèdì.

Lọ́jọ́ tí akọ̀wé Ìlera Èkó bá sì tẹ́ tábìlì sílẹ̀ nínú ọjà, kí ẹni tó fẹ́ san béèrè kí ó tó tú owó sílẹ̀: bí mo bá ní egbò ẹsẹ̀, ta ló ń sanwó wíwẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, ilé ìwòsàn wo nítòsí Gowon Estate ló ń ṣe é? Bí wọ́n bá dá mi dúró, ọjọ́ mélòó ni ibùsùn? Oògùn wo ló wà níbẹ̀, èwo ni mo máa fi owó ara mi rà? Bí akọ̀wé bá ní òun ò mọ̀, kó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà fóònù ọ̀gá rẹ̀ fún wọn, kí ìyálọ́jà sì pe ọ̀gá náà níṣojú gbogbo ọjà.